Àgbéyẹ̀wò Àkójọ Ohun Èlò Iná LED Àfọwọ́ṣe fún Ọgbà Inú Ilé

Àkójọ ohun èlò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ni èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ to iná LED tí yóò máa tàn sórí ohun ọ̀gbìn nínú ilé, dípò kí ó ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti tò parí. Ohun tó wà nínú páálí náà kò pọ̀: bọ́ọ̀dù méjì tí wọ́n to ẹyọ LED funfun sí lára, ẹ̀rọ driver kan tó ń pín iná fún wọn, àwo àlùmíníọ́mù méjì tí yóò máa gbé ooru kúrò lẹ́yìn wọn, wáyà, ìkọ́ tí a ó fi gbé e kọ́, àti aago tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀. Mo ti tò ó, mo sì ti gbin létúùsì àti ata lábẹ́ rẹ̀. Ìdájọ́ mi ni pé bọ́ọ̀dù àti driver inú rẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà lé e, pé àwo àlùmíníọ́mù rẹ̀ kò ká iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún un, àti pé aago rẹ̀ kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá.

LM301H ti Samsung ni ẹyọ LED tó wà lórí bọ́ọ̀dù náà. Ó jẹ́ 288 lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì pín in sí ọ̀wọ́ 18, tí ẹyọ 16 so tẹ̀ léra wọn nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Búlúù ni ìpìlẹ̀ LED funfun irú èyí: ẹyọ búlúù ló ń tàn nísàlẹ̀, èròjà ìyeyè tí wọ́n fi bò ó lójú ló sì ń sọ apá kan ìmọ́lẹ̀ náà di àwọ̀ ewé, ìyeyè àti pupa, títí àpapọ̀ wọn yóò fi jọ funfun lójú wa. Nítorí ẹyọ búlúù yìí ni wọ́n ṣe fún Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 2014, ó sì tọ́ sí wọn, torí pé ọgbà inú ilé bí a ti ń dá a lónìí ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì gbà pé iná elésè àlùkò, tó jẹ́ pupa àti búlúù nìkan, ló yẹ ohun ọ̀gbìn, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ewé kì í lo àwọ̀ tó kù. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1972, McCree, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, gbé èsì ìwádìí rẹ̀ lórí irúgbìn 22 jáde, èyí tó fi hàn pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín nánómítà 400 sí 700 ni ewé lè fi ṣe oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa ló ń bá a ṣiṣẹ́ jù lọ. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yìí ló sì ń wọ inú ewé jìnnà, tó ń dé abẹ́ ewé tó nípọn àti ara àwọn ewé tí òjìji ti bò. Ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ràn funfun ni pé ojú mi ń ríran lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ iná elésè àlùkò, gbogbo ewé a dúdú, a kì í sì í mọ ewé tó ń ṣàìsàn yàtọ̀ sí èyí tí ara rẹ̀ dá. Lábẹ́ bọ́ọ̀dù yìí, tí àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 3500K (funfun tó fà sí ìyeyè díẹ̀), mo rí i kedere nígbà tí àárín iṣan ewé ata bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n tí iṣan fúnra rẹ̀ sì wà ní tútù, mo sì rí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ewé kí wọ́n tó ràn dé orí igi kejì.

Síbẹ̀, bí ohun kan bá wà tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣahun sí nínú iṣẹ́ yìí, driver ni. LED kì í ṣe ohun tí a lè kì bọ iná ilé tààrà. Bí fólítì tó ń wọ inú rẹ̀ bá fi díẹ̀ lé sí i, ìṣàn iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá a fò sókè ju bí fólítì náà ṣe lé lọ. Bí ó bá sì ti ń gbóná, fólítì tó ń fẹ́ ń dín kù, ìṣàn tún ń pọ̀ sí i, ooru ń bí ooru títí ẹyọ náà yóò fi jóná. Nítorí náà, ìṣàn ni a gbọ́dọ̀ dá dúró sójú kan, iṣẹ́ tí driver wà fún sì nìyẹn. HLG-240H-48A ti ilé-iṣẹ́ Mean Well ni wọ́n fi sínú àkójọ yìí, n kò sì ní àbùkù kan láti kà sí i lára. Ó ń gba iná ilé láti fólítì 90 sí 305, nítorí náà kò sí ibi tí wọn kò ti lè lò ó. Ó sì lè mú áńpù 5 jáde ní fólítì 48. Nínú iná 100 tó bá wọ inú rẹ̀, nǹkan bíi 93 ló ń dé ara bọ́ọ̀dù. Ihò kékeré méjì tí rọ́bà dí wà lára rẹ̀: a ń fi sikurudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́ yí fólítì nínú ọ̀kan, a sì ń yí ìṣàn nínú èkejì, jẹ́jẹ́, kí a má baà já ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìṣirò tó wà níbi ihò kejì yẹn ni mo fẹ́ kí olùkà dúró lé lórí, nítorí ìwé ìtọ́ni inú páálí kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí a bá so bọ́ọ̀dù méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba iná tirẹ̀ láti ara driver láìgba inú èkejì kọjá, ọ̀wọ́ 36 ni wọn yóò pín ìṣàn náà láàárín ara wọn. Áńpù 5 tí a pín sí ọ̀nà 36 jẹ́ nǹkan bíi mílíáńpù 139 fún ẹyọ LED kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tíì dé 200 tó jẹ́ òpin tí Samsung fi lélẹ̀. Bí a bá yí i wá sí áńpù 2.5, yóò di nǹkan bíi 69, èyí tó sún mọ́ mílíáńpù 65 tí wọ́n fi ń dán LED náà wò kí wọ́n tó kọ agbára rẹ̀ sínú ìwé. Ní ojú 65 yìí, èyí tó dára jù nínú àwọn LM301H ń mú nǹkan bíi máíkírómóòlù 3 ìmọ́lẹ̀ jáde lórí júùlù iná kan (máíkírómóòlù ni wọ́n fi ń ka iye ìmọ́lẹ̀ tí ewé lè lò, júùlù ni wọ́n fi ń ka agbára iná). Bí a ti ń fi ìṣàn kún un ni ìmọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí wáàtì kọ̀ọ̀kan ń mú wá ń dín kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó bọ́ọ̀dù púpọ̀, tó sì ń lò wọ́n ní ìwọ̀nba, ni iná rẹ̀ yóò bá owó rẹ̀ dọ́gba jù lọ.

Mo tún gbóríyìn fún wọn pé wọ́n yan fólítì 48. Àwọn driver mìíràn wà, bíi HLG-120H-C700, tí ó lè mú fólítì tó 215 jáde fún bọ́ọ̀dù tí a so tẹ̀ léra wọn, ìyẹn sì lè ṣekú pa ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án. Ewu tó wà nínú sísopọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni pé bí wáyà bọ́ọ̀dù kan bá yọ, apá tó pọ̀ nínú ìṣàn tirẹ̀ yóò ya sára èkejì. Nítorí náà, kí a fa wáyà kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn tí a bá ti kì í bọ ojú ìdè rẹ̀.

Àwo àlùmíníọ́mù ni ibi tí àkójọ yìí ti já mi kulẹ̀. LED kì í sọ gbogbo iná tó gbà di ìmọ́lẹ̀. Apá kan ń di ooru, ooru náà kì í sì í bá ìmọ́lẹ̀ jáde lójú bíi ti gílóòbù àtijọ́, ẹ̀yìn ló ń gbà. Bí ẹ̀yìn kò bá rí ibi tú u sí, ìmọ́lẹ̀ LED yóò máa rẹ̀wẹ̀sì, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò sì kúrú. Mo gbé etí rúlà irin lé ojú àwo náà kí n tó de bọ́ọ̀dù mọ́ ọn, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ rúlà láàárín gbùngbùn, èyí tó fi hàn pé ojú rẹ̀ kò tẹ́jú. Ọ̀dà tí wọ́n fi sí i láti so ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ àwo kò sì tó láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Ní áńpù 2.5, mo lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn àwo náà kí n sì fi í síbẹ̀. Ní áńpù 5, kíá ni mo gbé ọwọ́ kúrò. Àwo tó nípọn jù báyìí lọ, tí wọ́n sì gé ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìlà-ìlà kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀, ni ó yẹ kí ó bá bọ́ọ̀dù tó dára tó èyí wá. Èmi yọ ọ́, mo fi òmíràn rọ́pò, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì hàn lọ́wọ́.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé iná náà dọ́gba pẹ̀lú wáàtì 1000. Kí olùkà má ka ìyẹn sí. Nǹkan bíi wáàtì 240 ni gbogbo rẹ̀ ń fà nígbà tí a bá ṣí i dópin, ohun tí ewé sì ń fẹ́ mọ̀ ni iye ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí rẹ̀ láàárọ̀ títí di alẹ́. Létúùsì ń fẹ́ nǹkan bíi móòlù 12 sí 17 (máíkírómóòlù mílíọ̀nù kan ló wà nínú móòlù kan) lórí mítà onígun mẹ́rin kan lójoojúmọ́, tòmátì ń fẹ́ 20 sí 30. Bí PPFD, ìyẹn iye máíkírómóòlù ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bá jẹ́ 200 tí iná sì wà ní títàn fún wákàtí 16, móòlù 11.5 ni ewé yóò rí gbà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó létúùsì. Ìwọ̀n áńpù 2.5 lè ṣe èyí lórí mítà onígun mẹ́rin kan bí ògiri tó yí i ká bá funfun. PPFD 500 fún wákàtí 14 yóò fún tòmátì ní móòlù 25.2, ìyẹn sì ń fẹ́ kí a ṣí driver fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn PPFD lè fi ẹ̀rọ lux, tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tó lójú ènìyàn, wọ̀n ọ́n, kí ó fi nǹkan bíi 65 sí 70 pín iye tó bá rí. Fún LED funfun irú èyí, èsì náà yóò sún mọ́ òótọ́.

Ìwé ìtọ́ni wọn kò tó rárá. Kò sọ pé kí a so wáyà ilẹ̀ mọ́ àwo àlùmíníọ́mù, bẹ́ẹ̀ ni irin ni àwo náà, omi sì ń bẹ nínú ọgbà. Omi ò lè tètè wọ driver, ṣùgbọ́n ìhòòhò ni bọ́ọ̀dù wà. Kí a gbé driver kọ́ sókè, kí a sì jẹ́ kí wáyà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lára rẹ̀ lè kán sílẹ̀.

Ti aago ló burú jù. Nígbà tí driver bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná, ó máa ń fa ìṣàn tó ga ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tó ń lò lọ fún àkókò bíńtín. Ojú irin méjì tó ń pàdé nínú aago olówó pọ́ọ́kú kò lè gbà á; wọn a lẹ̀ mọ́ra, iná kò sì ní kú mọ́. Bó ti ṣe mí nìyẹn: ojú aago ń sọ pé iná ti kú, iná sì ń tàn láti alẹ́ mọ́jú. Ewé tòmátì tí kò rí òkùnkùn a máa pọ́n, létúùsì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn jù a sì máa ta òdòdó kíákíá, ewé rẹ̀ a korò. Kí a wá aago tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó lè gba irú ìṣàn ìbẹ̀rẹ̀ yìí, tàbí kí aago kàn máa pàṣẹ fún súwíìṣì ńlá tó lágbára jù ú lọ.

Bí olùtà bá gbà láti ta bọ́ọ̀dù àti driver lọ́tọ̀, kí ẹni tó fẹ́ gbin nǹkan tó gba mítà onígun mẹ́rin kan rà wọ́n láìṣiyèméjì, kí ó sì wá àwo àti aago níbòmíràn. Bí wọn kò bá gbà, kí ó ṣírò owó àwo àti aago tuntun mọ́ owó àkójọ náà kí ó tó sanwó. Fún ẹni tó jẹ́ pé ìkòkò ewé díẹ̀ ló ní lórí pẹpẹ kan, agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀pá LED kékeré kan tó bẹ́ẹ̀.