Ẹ̀rọ Ìsàba Kékeré fún Ẹ̀yìnkùlé: Ó Mọ Ẹyin Yí, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Gba Ojú Rẹ̀ Gbọ́

Irú ẹ̀rọ ìsàba kékeré onike tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí ni àwa tí a ń sin adìẹ díẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé sábà máa ń rà, nítorí pé a kò ní àyè, a kò sì ní ìdí, láti ra ẹ̀rọ ńlá tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Ẹyin adìẹ 24 ló ń gbà. Ìdérí rẹ̀ mọ́ gaara débi pé a lè máa wo inú rẹ̀ láìṣí i, fáànù wà lábẹ́ ìdérí náà, mọ́tò kékeré kan sì ń ti àtẹ ẹyin lọ sí ọ̀tún àti sí òsì. Nọ́ńbà ooru, nọ́ńbà ọ̀rinrin àti iye ọjọ́ máa ń hàn lójú rẹ̀. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ sára páálí pé kò sí iṣẹ́ mìíràn fún olówó rẹ̀ ju kí ó kó ẹyin sí i, kí ó sì máa retí òròmọdìẹ ní ọjọ́ 21. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ náà dára, mo sì lè gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó rà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara páálí yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n ooru tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí ó kàn gba nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ gbọ́, òbu ẹyin ni yóò máa kó dànù.

Ibi tí ẹ̀rọ yìí ti gba máàkì jù lọ́wọ́ mi ni yíyí ẹyin. Àgbébọ̀ tó ń sàba kì í jókòó gbẹdẹmukẹ lórí ẹyin bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ó ń yí wọn tọ̀sán-tòru, nítorí pé bí ẹyin bá pẹ́ jù lójú kan, ọmọ tó ń bẹ nínú rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ awọ inú èèpo, kò sì ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ yí ẹyin gbọ́dọ̀ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló sì dára jù, kí iye ìgbà náà má ṣe jẹ́ èyí tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba, kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹyin fi sùn lánàá má baà tún jẹ́ èyí tí yóò fi sùn lónìí. Gbogbo wàhálà yìí ni mọ́tò náà gbà lọ́wọ́ wa. Wákàtí méjì-méjì ló ń ti àtẹ, jẹ́jẹ́ ló sì ń ṣe é. Ẹni tó sùn sí yàrá kan náà kò ní gbọ́ ọ. Àwọn igi ike tó ya ẹyin sọ́tọ̀ ṣeé sún, nítorí náà ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti ti tòlótòló náà lè wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí yóò gbà yóò dín kù. Àléébù kan wà níbẹ̀ ṣá: ti adìẹ nìkan ni aago ọjọ́ inú rẹ̀ mọ̀. Ọjọ́ 18 ló máa ń dún pé kí a dá yíyí dúró, bẹ́ẹ̀ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti ti tòlótòló kì í pa títí di ọjọ́ 28.

Ọ̀rọ̀ ooru ni kí a wá fara balẹ̀ sọ. Nínú ẹ̀rọ tó bá ní fáànù, 37.5°C ni ẹyin adìẹ ń fẹ́. Nínú èyí tí kò ní in, a máa ń gbé e sókè sí 38.3 títí dé 38.9°C, a sì máa ń wọ̀n ọ́n ní òkè ẹyin, nítorí pé ooru máa ń gbéra lọ sókè, á sì fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ojú ẹ̀rọ yìí kì í kúrò lórí 37.5, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ọkàn ẹni á sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ́ òṣùwọ̀n ooru tí wọ́n fi ń wo ibà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin ní àárín àtẹ, 38.2 ni mo bá níbẹ̀, igun tó jìnnà sí fáànù jù lọ kò sì tó 37. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ohun tó fà á kò fara sin: abẹ́ ìdérí, lẹ́bàá fáànù, ni wọ́n so ohun tó ń wọn ooru mọ́, ìsàlẹ̀ sì ni ẹyin wà. Ooru ibi tí òun wà ló ń ròyìn fún wa.

Àṣìwọ̀n tí kò pé dígírì kan lè dà bí ohun tí a lè fojú fò, àfi tí a bá rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹyin yóò fi wà nínú rẹ̀. Bí ooru bá fi díẹ̀ ga jù, àwọn òròmọdìẹ yóò jáde ṣáájú ọjọ́ 21, ìdodo ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní tíì di. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, wọn yóò pẹ́ di ọjọ́ 22 tàbí 23, ikùn wọn yóò tóbi, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní fẹ́ gbé wọn. Ohun tó jẹ́ kí n ṣì fara mọ́ ẹ̀rọ náà ni pé a lè tún nọ́ńbà yìí ṣe: bọ́tìnì kan wà tí a ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó sún nọ́ńbà náà bá ohun tí òṣùwọ̀n tiwa sọ. Lẹ́tà tín-ín-tín ni wọ́n fi kọ èyí sí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé ìlò, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú ewé kìíní ló yẹ kó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lófìfo fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó kó ẹyin sí i, ẹ gbé e sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀ tààrà tí atẹ́gùn kì í sì í fẹ́ sí, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ẹyin igun pẹ̀lú ti àárín nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí i fún àyẹ̀wò.

Nọ́ńbà ọ̀rinrin tún burú ju ti ooru lọ. Láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ 18, 45% sí 55% ni ó yẹ kí ọ̀rinrin inú ẹ̀rọ wà, kí a wá gbé e sókè sí 65% tàbí 70% ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Bí ó bá pọ̀ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹyin kò ní pàdánù omi tó, àyè afẹ́fẹ́ tó wà ní ibi ìdí rẹ̀ tó gbòòrò yóò kéré jù, ọmọ yóò sì kú sínú rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Bí ó bá kéré jù, awọ inú yóò gbẹ mọ́ ọmọ náà lára, kò sì ní lè yí ara rẹ̀ padà láti fọ́ èèpo. Nítorí náà mo ra òṣùwọ̀n ọ̀rinrin kékeré kan lọ́tọ̀, mo sì fi iyọ̀ dán an wò: a ó da iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, a ó bu omi díẹ̀ sí i títí yóò fi rí bí iyanrìn tútù, a ó wá gbé e pẹ̀lú òṣùwọ̀n náà sínú ọ̀rá tí a dì pa, di ọjọ́ kejì. 75% ló yẹ kó kà. Iye tí ó bá fi lé tàbí fi dín ni àṣìṣe rẹ̀.

Ọ̀nà kan tilẹ̀ wà tó dá mi lójú ju òṣùwọ̀n ọ̀rinrin èyíkéyìí lọ, òun náà sì ni gbígbé ẹyin sórí ìwọ̀n. Ẹyin tó ń ṣe dáadáa máa ń fi nǹkan bíi 12% sí 13% fúyẹ́ títí di ọjọ́ 18, tó fi jẹ́ pé ẹyin tó wọlé ní gíráàmù 60 yóò ti di nǹkan bíi 52 sí 53. Ìwọ̀n ilé ìdáná lásán tó fún èyí. Ní ti omi, wọ́n fi ọgbọ́n ṣe ojú ihò kan síta, tí a lè gbà bu omi sí i láìṣí ìdérí, mo sì yìn wọ́n fún un. Gọ́tà méjì ló wà nísàlẹ̀, ọ̀kan tó fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, a ó wá bomi sí ìkejì ní ọjọ́ mẹ́ta ìkẹyìn. Ìgbà yẹn gan-an ni ìdérí máa ń kún fún ìrì omi, tí a kò sì ní rí inú rẹ̀ mọ́.

Iná tí wọ́n ṣe sísàlẹ̀ rẹ̀ fún yíyẹ ẹyin wò kò lágbára. Ó tó fún ẹyin funfun. Ti ẹyin tí èèpo rẹ̀ pọ́n, ẹ lo tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ kedere nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ keje, ẹyin tó ní ọmọ nínú yóò fi iṣan pupa wẹ́wẹ́ hàn tó tàn ká láti ojú kan. Èyí tó mọ́ roro kò lọ́mọ nínú rárá, èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Ẹ yọ irú wọn kúrò, nítorí pé òbu tó bá bẹ́ sínú ẹ̀rọ yóò ba àwọn tó kù jẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì ní tètè kúrò lára ike.

Ìbéèrè tí àwọn tí a jọ ń sin adìẹ máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ra ẹ̀rọ tuntun ni pé, “Mélòó ló pa?” Ìdáhùn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹyin ló yẹ kí a kà sí ẹ̀rọ lọ́rùn. Bí òròmọdìẹ 15 bá jáde nínú ẹyin 24, tí a sì ti rí i pé mẹ́fà kò lọ́mọ nínú, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú méjìdínlógún ni ẹ̀rọ pa, iṣẹ́ tó sì ṣe nìyẹn kì í ṣe kékeré. Àkùkọ ni kí a lọ wò. Àkùkọ kan fún bíi abo mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló bójú mu. Ẹyin tí a bá kó pamọ́ ju ọjọ́ méje lọ máa ń dín agbára rẹ̀ kù lójoojúmọ́, èyí tí a bá sì fọ̀ ti pàdánù ààbò tó ń dènà kòkòrò àìfojúrí. Àwa tí a ń pààrọ̀ ẹyin láàárín ara wa, nítorí pé ẹnìkan ló ní àkùkọ tó dára tí ẹlòmíràn sì ní ẹ̀rọ, tún gbọ́dọ̀ rántí pé ẹyin tó bá rin ìrìn-àjò nílò ìsinmi fún wákàtí 12 sí 24, kí orí rẹ̀ tó ṣóńṣó kọjú sísàlẹ̀, kí ó tó wọ inú ooru.

Ní ọjọ́ 18, ẹ yọ àwọn igi ike náà kúrò, kí ẹsẹ̀ òròmọdìẹ má baà há sí i. Ilẹ̀ inú ẹ̀rọ ń yọ̀ púpọ̀, èyí sì ni ohun tí mo bínú sí jù nínú bí wọ́n ṣe ṣe é, torí pé òròmọdìẹ tó bá ń yọ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́ lè ya ẹsẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ó má lè dìde mọ́. Ẹ tẹ́ àwọ̀n rọ́bà tàbí aṣọ onírun kúkúrú sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á dé. Láti ìgbà tí ihò àkọ́kọ́ bá ti lu lára èèpo títí tí òròmọdìẹ yóò fi jáde lè tó wákàtí 12 sí 24, nígbà mìíràn ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ará ilé á sì máa bẹ ẹ́ wò, olúkúlùkù á máa bèèrè pé kí ló dé tí ẹ kò fi ràn án lọ́wọ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Bí ẹ bá ṣí i, ọ̀rinrin yóò sá jáde, awọ àwọn tí kò tíì jáde yóò sì gbẹ. Ebi kò ní pa àwọn tó ti jáde, nítorí pé pupa ẹyin tí wọ́n gbà sínú ikùn kí wọ́n tó jáde lè gbé wọn ró fún ọjọ́ méjì. Ẹ jẹ́ kí ìyẹ́ wọn gbẹ kí wọ́n wú fùkẹ̀fùkẹ̀ kí ẹ tó kó wọn lọ sábẹ́ iná ìtọ́jú, tí ẹ ti tan sílẹ̀ ní 35°C, tí ẹ ó sì máa fi nǹkan bíi dígírì mẹ́ta dín in kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣeé yọ, ó sì ṣeé fọ̀ dáadáa, ohun tí ẹ̀rọ oní-fóòmù kò lè sọ nípa ara rẹ̀. Fáànù nìkan ni eruku ìyẹ́ máa ń há sí, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ sì ni kí ẹ fi gbá a, ẹ má da omi sí i.

Kò ní bátìrì. Bí iná bá lọ, yóò pa lọ́gán, aago rẹ̀ kò sì ní dún, nítorí pé iná yẹn náà ni aago ń lò. Bí ó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí ewu, torí pé àgbébọ̀ pàápàá máa ń dìde lórí ẹyin lọ jẹun lójoojúmọ́. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Òtútù díẹ̀ kì í tètè pa ọmọ inú ẹyin bí ooru àpọ̀jù ṣe ń pa á. Ẹni tí iná ilé rẹ̀ kì í dúró, mi ò ní gbà á níyànjú pé kí ó ra irú èyí. Irú èyí tí wọ́n ṣe ojú bátìrì sí ni kí ó wá, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹyin mẹ́wàá péré ló ń gbà. Ẹni tí iná tirẹ̀ bá dúró, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá mọ́tò àtẹ àti fáànù wà lọ́tọ̀ fún títà, nítorí pé àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.