Postinor-2: ó ṣiṣẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀

Rọ́bà ló bẹ́ mọ́ èmi àti ọkọ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gba kẹ́mísì kan lọ ní Kabba níbí. Mo ní, "Okun o, bàbá," mo sì dárúkọ ohun tí mo fẹ́: Postinor-2, oògùn tí obìnrin ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kó má bàa lóyún. Bàbá wò mí títí. "Ọmọ mi, ṣé ọkọ rẹ mọ̀?" Inú bí mi gan-an. Ọmọdébìnrin tí kò láyà yóò padà sílé ni, wákàtí á sì máa lọ. Bẹ́ẹ̀ wákàtí gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ oògùn yìí.

Hóró funfun kéékèèké méjì ló wà nínú káàdì rẹ̀, levonorgestrel ni orúkọ oògùn tó wà nínú wọn. Èèyàn lè lo ọ̀kan, kó lo èkejì lẹ́yìn wákàtí 12, àmọ́ nọ́ọ̀sì ní kí n kúkú gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan, ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni o, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lábúlé lọ́nà Mopa àti Isanlu, ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà.

Ẹyin obìnrin ló ń dá dúró kó má tíì jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú wa fún ọjọ́ 5, òun ló fi jẹ́ pé oyún lè wáyé lẹ́yìn ọjọ́ tí tọkọtaya ti sùn pọ̀. Bí ẹyin bá ti jáde ná, oògùn náà kò rí nǹkan ṣe mọ́. Kì í ṣẹ́yún rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ní tiwọn kì í dènà oyún.

Èébì gbé mi lọ́jọ́ náà. Òórùn epo àkàrà lásán, inú mi ń rú. N kò bì ṣá. Ẹni tó bá bì kí wákàtí 3 tó pé gbọ́dọ̀ tún un lò. Nǹkan oṣù mi pẹ́, àyà mi já, kó tó wá dé. Tó bá fi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ ṣàyẹ̀wò oyún. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ bíi rifampicin, tàbí àwọn oògùn wárápá kan, kó sọ fún nọ́ọ̀sì, torí wọ́n ń dín agbára Postinor-2 kù.

Kò bo ìbálòpọ̀ ọjọ́ mìíràn, kò sì dènà kòkòrò HIV. Bí ọjọ́ 3 bá ti kọjá tí kò tíì ju 5 lọ, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí fún Kọ́pà T, ohun kékeré tí wọ́n máa ń fi sínú ilé ọmọ. Ó dájú ju hóró yìí lọ, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún 10. Òun lèmi náà ti ṣe báyìí.