Pàṣípààrọ̀ òbí àti páàsì ìkọjá ìlà: èwo ló tọ́ sí ẹni tó mú ọmọ kékeré dání?

Ẹni tó fẹ́ràn ráìdì tó ń sáré, tó ń dorí èèyàn kodò, kò yẹ kó torí pé ó ti bímọ kó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di alẹ́ nínú ọgbà ìgbádùn tó fowó gidi wọ̀. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ jù tí àwọn òbí ń gbà. Èkíní ni pàṣípààrọ̀: òbí kan á lọ gun ráìdì, èkejì á dúró ti ọmọ, wọ́n á wá pààrọ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kejì tún lọ to ìlà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Èkejì ni páàsì tí ẹ máa fowó rà kí ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà tí ìlà rẹ̀ kúrú. Nínú àwọn ọgbà ìgbádùn ńlá ní Amẹ́ríkà, Disney ń pe tirẹ̀ ní Lightning Lane, Universal ń pe tirẹ̀ ní Express Pass. A ti lo méjèèjì nílé wa.

Gíga ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo iye owó.

Ní ọgbà kan tí a lọ, ohun kan ṣoṣo ni obìnrin tó ń ta páàsì lójú fèrèsé béèrè: "Ẹ̀yin mélòó?" A ní àwa mẹ́rin. Ó gba owó ẹni mẹ́rin. Ọmọ wa kékeré dúró níwájú rẹ̀ gan-an, orí rẹ̀ ò tíì ga dé pákó fèrèsé náà. Nígbà tí a dé ìdí ráìdì àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ gbé ọ̀pá ìwọ̀n, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ irun tí mo dì sókè fún ọmọ náà mọ́lẹ̀ títí ọ̀pá fi kan àtàrí rẹ̀, ó wá mi orí. A dé ìkejì, bákan náà ni. Nínú gbogbo ohun tó wà lórí páàsì yẹn, méjì péré lọmọ wa lè gùn, àwọn méjèèjì ò sì ní ìlà tó nípọn rárá. A padà sójú fèrèsé, wọ́n ní owó páàsì kì í padà. Ó ṣì ń dùn mí, torí ìbéèrè kan péré ni ì bá yọ wá: "Báwo lọmọ yín ṣe ga tó?" Kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé pàṣípààrọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń ṣe é ní ìdí àwọn ráìdì ńlá inú ọgbà náà.

Nítorí náà, ẹ wọn ọmọ nílé, kí ẹ wá wo nọ́ńbà tí ọgbà kọ sí ráìdì kọ̀ọ̀kan. Ní Walt Disney World ní Florida, Seven Dwarfs Mine Train àti Slinky Dog Dash ń gba ọmọ tó bá ti tó sẹ̀ǹtímítà 97. Space Mountain àti Expedition Everest ń béèrè 112, TRON ń béèrè 122. Ní Universal Orlando, ráìdì alùpùpù ti Hagrid ń béèrè 122, VelociCoaster 130, Hulk 137. Ọmọ tó ga ní 105 á gun méjì àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ìyókù tí mo kà sílẹ̀ ti kọjá rẹ̀. Bí ẹ bá ra páàsì fún un nítorí ìyókù, owó yẹn ti ṣègbé. Wọn kì í gbójú fo sẹ̀ǹtímítà kan, wọn ò sì jẹ̀bi: ìwọ̀n ara èèyàn ni wọ́n fi ṣe irin tó ń dì wá mú lórí àga. Iye orí ni wọ́n fi ń ta páàsì, iye rẹ̀ sì ń yí láti ọjọ́ dé ọjọ́. Kò sì pọn dandan kí gbogbo ìdílé ra tiwọn, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́.

Ẹ wá wo bí pàṣípààrọ̀ ṣe ń lọ, torí kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Rider Switch ni Disney ń pè é. Gbogbo yín, tọmọtọmọ, lẹ máa lọ bá òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà. Á fojú rí ọmọ tí kò ga tó, á fi ẹ̀rọ ka tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó fẹ́ dúró. Àwọn tó kọ́kọ́ ń lọ á to ìlà, ẹni tó dúró á mú ọmọ lọ jẹun tàbí kó lọ gbé e gun nǹkan kékeré nítòsí. Tí àwọn tọ̀hún bá jáde, ẹnu ọ̀nà Lightning Lane lẹni tó dúró máa gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà kan náà tí àwọn mìíràn sanwó fún! Ẹ̀gbọ́n tó ti ga tó lè bá bàbá gùn, kó tún bá ìyá gùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọmọ mi àgbà ò mọ ohun tó ń jẹ́ páàsì, ohun tó mọ̀ ni pé òun gun ún lẹ́ẹ̀mejì.

Child Swap ti Universal yàtọ̀. Níbẹ̀, gbogbo ìdílé ló ń to ìlà pọ̀ títí dé iwájú, níbi tí yàrá kan wà tí ẹni tó dúró á ti jókòó ti ọmọ títí wọ́n á fi pààrọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kíá lẹ máa pààrọ̀, kò sí pé à ń wá ara wa kiri. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò ní gun nǹkan kan ló dúró lórí ìlà látòkèdélẹ̀. Ti Forbidden Journey, ráìdì Harry Potter, ṣeé fara dà, torí inú ilé ńlá Hogwarts ni ìlà ti ń kọjá, àwòrán ara ògiri sì ń sọ̀rọ̀. Lórí ìlà tí kò ní irú ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa dá ọmọ lára yá. Ẹ rí i pé ó ti tọ̀ kí ẹ tó wọlé.

Ní Universal yìí nìkan ni mo ti gbà pé Express Pass níye lórí, torí ó ń gé ìlà kúrú fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá sùn sí Portofino Bay, Hard Rock Hotel tàbí Royal Pacific, àwọn hòtẹ́ẹ̀lì Universal, máa rí i gbà mọ́ owó yàrá, fún ọgbà Universal Studios Florida àti Islands of Adventure. Kò kan Epic Universe, ọgbà Universal tó ṣí ní 2025.

Ìlà ẹni tó dá wà, tí wọ́n fi ń dí àga tó bá ṣófo, bíi ti Expedition Everest, ń yára, ṣùgbọ́n kò bójú tó ọmọ fún yín.

Fífi ọmọ kékeré ti ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ láti gun ráìdì: Disney fẹ́ kí ẹni tó ti pé ọdún 14 ó kéré tán wà pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7.

Ẹ̀rù: ọmọ tó ga tó tó bá ní òun ò gùn, ẹ má fagbára gbé e.

Bí ó bá jẹ́ òbí méjì pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì tó sẹ̀ǹtímítà 112, pàṣípààrọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá ní Disney, kí ẹ lò ó títí di ọ̀sán kí ẹ tó ronú páàsì. Bí ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, tí èrò sì pọ̀, páàsì lè wúlò, fún àwọn tí gíga wọn tó nìkan. Ẹni tó dá nìkan mú ọmọ lọ kò ní ẹni tí wọ́n jọ máa pààrọ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ra Lightning Lane nítorí ohun tí ọmọ náà lè gùn, bíi Peter Pan's Flight tí kò béèrè gíga kankan, tí ìlà rẹ̀ sì máa ń gùn.