Elm tàbí Haskell pẹ̀lú GTK?

Ká ní ẹ ń ṣe áàpù fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja Ọjà Olúwo, l'Ẹ̀pẹ́: bí ẹja bá dé, kí ìlà tuntun yọ, bó bá tà, kó kúrò.

Nínú Elm, èdè tí wọ́n fi ń kọ áàpù orí wẹ́ẹ̀bù, tí Evan Czaplicki gbé jáde ní 2012, view, ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣàpèjúwe ojú ìwé, ló ń gba àkọsílẹ̀ ọjà lódindi, tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí. Elm fúnra rẹ̀ á fi tuntun wé ti tẹ́lẹ̀, ibi tó yàtọ̀ nìkan ló máa tún ṣe.

Ní ti Haskell, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, pẹ̀lú GTK, àkójọ irinṣẹ́ fún kíkọ́ fèrèsé àti bọ́tìnì áàpù, ẹ̀yin lẹ máa ń to ìlà sínú àpótí, ẹ̀yin náà lẹ máa yọ ọ́. Ní GTK 3, ẹ tún gbọ́dọ̀ pàṣẹ kó tó hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfìfo lẹ máa wò! Àmọ́ kò nílò bíráwúsà bíi ti Elm.

Elm ni tèmi. Fóònù ló wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, inú bíráwúsà rẹ̀ sì ni áàpù Elm ti ń ṣiṣẹ́.