Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún fílánjì “Turbo” tí wọ́n ní ó wọ Datsun 240Z tààrà

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ń tún Datsun Z àtijọ́, ọkọ̀ eré ilé iṣẹ́ Nissan bíi 240Z, 280Z àti 280ZX, ṣe l'Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. $640 ni wọ́n fi gbájúẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi.

240Z ọdún 1972 ni tèmi. Àwọn ọ̀pá ẹ̀yìn tó bá a wá láti ilé, tó ń yí táyà ẹ̀yìn, tó ní kúrọ́ọ̀sì (oríkèé irin) lórí méjèèjì, ti ń dún kó-kó bí mo bá ti kọ jíà sí i. Mo fẹ́ fi ọ̀pá oní-CV joint, oríkèé irú mìíràn tó ń yí geere, ti 280ZX Turbo rọ́pò wọn. Ẹni tó bá mọ Z mọ ibi tí wàhálà wà. Fílánjì Turbo, irin róbótó tí ọ̀pá yẹn ń so mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, eyín 27 ló wà nínú ihò rẹ̀. Stub axle 240Z, ọ̀pá kúkúrú tó gbé táyà tí fílánjì ń wọ̀ sí, eyín 25 ni. Kò lè wọlé. Ohun táwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wá stub axle 280Z, tí òun náà jẹ́ eyín 27, wọ́n á gbé e sínú ilé bẹ́árìnì 240Z. Ìyà ni, torí bí ẹ bá fẹ́ tú ilé bẹ́árìnì yẹn sílẹ̀ lára ọkọ̀, ẹ lè ní láti yọ spindle pin, píìnì gígùn ìsàlẹ̀ yẹn, èyí tó ti dípẹtà láti bí 50 ọdún. Mo ti ṣẹ́ ẹ̀rú òòlù nítorí rẹ̀ rí.

Èmi tí mò ń wá àbùjá ni mo bá rí ọ̀gbẹ́ni kan tó lóun ní fílánjì Turbo tó wọ 240Z tààrà. Ó ní ojúlówó ni, méjì péré ló kù, ẹlòmíì ń bọ̀ wá gbé e lọ́la. Ó ní kí n fi owó ránṣẹ́ bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́, kí wọ́n má baà yọ nǹkan níbẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n fi oògùn mú, mo fi ránṣẹ́.

Ẹrù dé, ó dúdú, ó ń dán bíi bàtà sójà. Mo fi ọ̀dà èékánná ìyàwó mi sàmì sí eyín kan, mo kà á yípo: 25. Ó wọlé geere. Inú mi dùn! Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura, torí fílánjì Turbo tó bá ní eyín 25, ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án.

Àfìgbà tí tọ́ọ̀ṣì tàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mo rí ibi tó wú yípo. Mo fi ọbẹ ha ọ̀dà. Wọ́n ti gé àárín fílánjì 240Z, wọ́n jó o mọ́ ara ti Turbo, iná wẹ́dà náà ò tiẹ̀ wọnú. Èékánná mi wọ inú ibi tó là. Tírú ẹ̀ bá já lórí eré 70 máìlì, ọ̀pá á máa fì lábẹ́ ọkọ̀, á máa lu páìpù bíréèkì.

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n fi sí. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó búlọ́ọ̀kì mi. Báńkì ní ọ̀rẹ́ ni mo fún lówó.

Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Àwọn kan ń gbẹ́ fílánjì láti ara irin kan ṣoṣo, wọ́n á sì sọ fún yín pé àwọn làwọn gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ojúlówó ni, ẹ ní kó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀yìn rẹ̀ títí á fi funfun, kó wá ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó kọ déètì òní sí. Tó bá ní ọ̀dà òun á bàjẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Mo ti rí stub axle 280Z méjì ní yáàdì ọkọ̀ àlòkù kan. Spindle pin tí mò ń sá fún náà ni mo padà ń lù láti àárọ̀ Sátidé. Ọ̀kan ti jáde.