Tíì Aláwọ̀ Ewé: Eléwé, Alápò, Matcha, Oníhóró tàbí Ìpara, Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ sára ewé gbígbẹ, àpò kéékèèké, ẹlẹ́bú, oògùn oníhóró, tíì inú ìgò, ọṣẹ ìfọjú àti ìpara. Gbogbo wọn ló ní tíì aláwọ̀ ewé wà nínú àwọn, gbogbo wọn ló sì ní àwọn ń ṣe ara lóore. Àmọ́ iṣẹ́ tí ọ̀kan ń ṣe, òmíràn kì í ṣe é, ọ̀kan sì wà nínú wọn tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti rà rárá. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.

Ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an

Ara igi kan náà ni wọ́n ti ń já ewé tíì dúdú àti ti aláwọ̀ ewé. Camellia sinensis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Tí wọ́n bá jẹ́ kí ewé tí wọ́n já gba atẹ́gùn dáadáa, á di dúdú. Ní ti aláwọ̀ ewé, kíá ni wọ́n ń jẹ́ kó rí iná: ní Japan, ooru omi híhó ni wọ́n sábà ń lò, ní Ṣáínà, inú agbada gbígbóná ni wọ́n sábà ti ń yan án. Iná yẹn ló ń dá iṣẹ́ atẹ́gùn dúró, òun ni kì í jẹ́ kí àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní catechin yí padà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni EGCG. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, ẹ máa rí i lára páálí.

Àǹfààní rẹ̀ kò tó bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń pariwo, àmọ́ kò ṣeé fojú di. Ní ẹkùn Ohsaki ní Japan, wọ́n tọpa àgbàlagbà 40,530, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tó ń mu ife 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ kò kú ikú àrùn ọkàn àti òpójẹ̀ tó àwọn tí kì í mu tó ife 1, pàápàá àwọn obìnrin. Ní ti jẹjẹrẹ, wọn ò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé irú ìwádìí báyìí ò lè fi gbogbo ara sọ pé tíì ló fà á, nítorí ẹni tó ń mu tíì lè máa ṣọ́ ara rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Síbẹ̀, ohun tó dára ni. Páálí tó bá sì ní tíì òun ń wo jẹjẹrẹ, ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un.

Eléwé àti alápò

Eléwé ni màá yàn. Ohun tó sábà máa ń wà nínú àpò kéékèèké ni èérún ewé àti ẹ̀kúná rẹ̀. Ó ń tètè yọ sómi, ó sì ń tètè korò, òórùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ewé tó ṣì wà lódindi ṣeé dà omi sí lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, torí náà, tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní ife kọ̀ọ̀kan, ó lè máà wọ́n tó bí iye ara páálí ṣe fi hàn.

Tí ẹ bá ráyè ṣí i, ẹ da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó. Sencha ti Japan máa ń rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Longjing ti Ṣáínà máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀ ewé ló yẹ kó ṣì wà lára rẹ̀, kó sì máa ta sánsán. Tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò sì ní òórùn kankan mọ́, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n já a, tí wọ́n bá kọ ọ́. Tíì tí wọ́n kó sínú ìgò tó mọ́ gaara tí iná ń tàn sí lórí àtẹ, ẹ fi í sílẹ̀; ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ni ọ̀tá rẹ̀.

Alápò dára fún ibi iṣẹ́ àti ìrìn àjò. Oníbébà ni kí ẹ mú, kì í ṣe àwọn onígun mẹ́ta tó ń dán bíi sílíkì: ní 2019, àwọn olùṣèwádìí ní McGill University ní Kánádà rí i pé àpò oníke máa ń tú èérún ike tí ojú ò lè rí sínú omi gbígbóná.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ má da omi tó ń hó lé e. Ìwọ̀n 70 sí 80 Celsius ti tó, kó má sì ju ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 lọ. Ọ̀pọ̀ tó sọ pé tíì yìí korò, omi wọn ló gbóná jù.

Matcha

Wọ́n máa ń fi ìbòòji bo igi matcha fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó já a, wọ́n á wá fi ọlọ lọ̀ ọ́ di ẹlẹ́bú. Odindi ewé lẹ ń gbé mì, nítorí náà èròjà inú rẹ̀ máa ń pọ̀, kàféènì rẹ̀ náà sì máa ń pọ̀ ju ti ife tíì lásán, tó sábà máa ń ní nǹkan bíi 30 miligíráàmù. Kò sí òfin kankan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà “ceremonial” (ti ayẹyẹ) tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Àwọ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tó dára máa ń tutù yọ̀yọ̀. Tó bá ti ń pọ́n bí ewé gbígbẹ, kò yẹ owó yín. Tí ṣúgà bá sì ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú àwọn èròjà rẹ̀, ṣúgà lẹ rà. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná, torí Vitamin K wà nínú ewé náà.

Tíì inú ìgò kò gba àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ jẹ́ omi ṣúgà tí wọ́n fi tíì díẹ̀ sí.

Oníhóró: èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹ rà

Wọ́n ń tà á fún àwọn tó fẹ́ kí ikùn wọn wọlé. Nígbà tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń kó ìwádìí ìlera jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, yẹ àwọn ìwádìí lórí rẹ̀ wò ní 2012, ohun tó ń dín lára èèyàn kéré débi pé kò jámọ́ nǹkan fún ìlera. Ewu rẹ̀ ni kò kéré. Ní 2018, EFSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, sọ pé EGCG tó bá tó 800 miligíráàmù lóòjọ́ láti inú oògùn báyìí lè pa ẹ̀dọ̀ lára. Ìṣọ̀kan Yúróòpù (EU) fi òfin dè é ní 2022: kò gbọ́dọ̀ tó iye yẹn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ lò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó sí inú òfìfo. EFSA kan náà ló sọ pé tíì tí wọ́n fi omi rẹ kì í sábà ní ewu. Ewé kan náà ni, ṣùgbọ́n gbígbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìwọ̀n tó le ni ẹ̀dọ̀ kò fẹ́.

Fún ẹni tó ń mu tíì pàápàá: aboyún kò gbọ́dọ̀ kọjá 200 miligíráàmù kàféènì lóòjọ́, àpapọ̀ kọfí àti tíì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kó má mu ún mọ́ oúnjẹ, torí kì í jẹ́ kí ara gba iron tó wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ó tún máa ń dí nadolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́wọ́.

Ti awọ ara

Tí awọ ara ló jẹ yín lógún, fífi para ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára díẹ̀ ju mímu lọ. Nínú àwọn ìwádìí kéékèèké, ó dín òróró ojú àti irorẹ́ kù, ó sì dín pípọ́n tí oòrùn ń fà kù. Kódà, ní 2006, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ìpara kan tí wọ́n fi àwọn èròjà rẹ̀ ṣe, fún kókó tí kòkòrò HPV ń fà lójú ara. Ṣùgbọ́n èròjà tíì inú ìyẹn tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ kì í sábà sọ iye tirẹ̀.

Ẹ yí ìgò náà padà. Láti orí èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n ti ń to èròjà. Ẹ wá “Camellia Sinensis Leaf Extract”. Tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn Phenoxyethanol, èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́, lẹ tó rí i, ó ṣeé ṣe kó má tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, torí òfin Yúróòpù kò gbà kí Phenoxyethanol kọjá ìwọ̀n yẹn. Tí àwọ̀ ìpara náà bá tutù yọ̀yọ̀, ẹ wò ó bóyá “CI” àti nọ́ńbà wà lára èròjà rẹ̀: aró nìyẹn, torí èròjà tíì gidi sábà máa ń pọ́n díẹ̀ ni. Ìgò tó ṣókùnkùn tí wọ́n ń tẹ̀ ló sàn ju ike ẹlẹ́nu gbàgà tí ìka ń wọ̀ lójoojúmọ́, nítorí EGCG kì í fara da atẹ́gùn.

Ọṣẹ ìfọjú ńkọ́? Ẹ má torí tíì ra ọṣẹ. Omi ló máa ṣàn án lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ìpara tíì kò sì lè rọ́pò èyí tó ń dáàbò boni lọ́wọ́ oòrùn, ẹ ṣì nílò èyí tí wọ́n kọ SPF 30, ìwọ̀n ààbò lọ́wọ́ oòrùn, sí lára, ó kéré tán. Kí ẹ tó fi èyíkéyìí kan ojú, ẹ fi díẹ̀ sí abẹ́ apá fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá yún yín tàbí tó pọ́n, ẹ dá a padà nígbà tí ìwé ẹ̀rí tí ẹ fi rà á ṣì wà lọ́wọ́ yín.