Edé Pupa Nínú Táǹkì Mi: Ẹ Rà Á, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Kí Omi Gbó Ná

Mọ́kànlá nínú ogún edé tí mo rà ló kú kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè lónìí, màá ní kó lọ rà á.

Edé kékeré tí wọ́n ń pè ní cherry shrimp ni mò ń sọ, pupa fòò, tí kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà wọ́n, £38 fún ogún, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù nínú òtútù oṣù kejì. Mi ò ní purọ́ mọ́ ẹni tó tà á: ó dì wọ́n dáadáa. Ó ki ewé omi díẹ̀ sínú ọ̀rá kí wọ́n lè rí nǹkan dì mú lọ́nà. Gbogbo wọn ló dé láàyè.

Ìwé pélébé inú àpótí ló ṣì mí lọ́nà. Ó ní kí n rọ omi sí táǹkì, kí n fi oògùn tó ń pa klorínì sí i, kó bá di ọjọ́ kejì, kí n da edé sí i. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ edé àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù máa ń di ammonia nínú omi, májèlé sì ni. Bakitéríà ló ń sọ ọ́ di nitrite, lẹ́yìn náà nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Inú fóòmù asẹ́ àti ara yanrìn ni bakitéríà yìí ń gbé, ó sì ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó pọ̀ tó. Táǹkì tèmi ò tíì ní. Àwọn edé ń dojú dé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi obìnrin ń sunkún, èmi náà ń pààrọ̀ omi díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Mẹ́sàn-án ló yè é. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó dá ìdajì owó mi padà, àmọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ra tiẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bá ìwé kan náà nínú àpótí. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ti lé ní ọgọ́rùn-ún báyìí. Abo máa ń gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, bí ogún sí ọgbọ̀n, wọ́n á ṣù pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, á sì máa fi àwọn ẹsẹ̀ abẹ́ ikùn fẹ́ omi sí wọn tọ̀sán-tòru. Tó bá tó nǹkan bí oṣù kan, ọmọ á jáde. Ó kéré débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fi imú kan gíláàsì kẹ́ ẹ tó rí i, àmọ́ edé pípé ni, tẹsẹ̀ tìwo.

Lọ́jọ́ kan mo rí òkú kan nísàlẹ̀ táǹkì, ó funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àyà mi já. Mo fi ṣíbí gbé e: òfìfo ni. Èèpo ara ló bọ́. Ẹ má kó o dànù o, wọ́n á jẹ ẹ́ fún kálísíọ́mù inú rẹ̀.

Ohun tí àwọn ọmọ edé fẹ́ràn jù ni ewé igi fúrúùtù (Indian almond) gbígbẹ. Bó bá ti ń rà nínú omi, wọ́n á máa jẹ ohun tó ń hù lára rẹ̀. Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù pé mo fi pọ́n-ùn ra ewé mẹ́wàá, wọ́n ní, "Èyí tí à ń gbá láràárọ̀ ní Sùúrùlérè?" Èyí náà ni, ẹ̀yin màmá mi.

Ẹ má fi ẹja sọ́dọ̀ wọn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ wọn dàgbà. Ẹ ka ara ìgò oògùn ẹja dáadáa, torí bàbà inú òmíràn á pa gbogbo wọn. Ẹ má sì da pupa pọ̀ mọ́ búlúù: irú kan náà ni wọ́n, ọmọ wọn á padà di aláwọ̀ ilẹ̀ bíi ti odò.

Táǹkì kejì ti wà nílẹ̀ báyìí, fún àwọn búlúù. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí omi ti wà nínú rẹ̀, asẹ́ ń ṣiṣẹ́. Edé kankan ò tíì wọ̀ ọ́.